Ṣaworoidẹ ló kó bá èmi náà

Àbúrò tó wo Ṣaworoidẹ, tó wá ń bèèrè bóyá kóun fiṣẹ́ sílẹ̀ kóun máa kọ fíìmù: má dá ara ẹ lóhùn kíá. Fíìmù yẹn náà ló kó bá mi.

Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń wò ó nígbà tó jáde ní 1999. Nínú ọ̀pọ̀ eré tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe lọ, oníkálukú á wá máa fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Àṣé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti jókòó kọ eléyìí kí Túndé Kèlání tó yà á! Ibi tí ọba Jogbo ti kọ̀ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fóun, mo dá a padà títí àwòrán fi ń já. Gbẹ́rẹ́ tí kò gbà níbẹ̀rẹ̀ ló bí gbogbo wàhálà tó kù.

Mo ra ìwé eléwé 80, mo kọ tèmi. Kíkọ ò le, máa kọ ṣáá.

Mo gbé e lọ fún aṣefíìmù kan. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn o! Mo lọ lọ́jọ́ Ajé, “ọ̀gá ti jáde.” Mo lọ lọ́jọ́bọ̀, “ọ̀gá ń sùn.” Oṣù mẹ́rin gbáko, owó ọkọ̀ tán, mo ń fẹsẹ̀ rìn. Ọjọ́ kan ni mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onífídíò, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi lẹ́nu arúgbó kan nínú tẹlifíṣọ̀n, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n dárúkọ ẹni tó se oúnjẹ fún wọn. Wọn ò dárúkọ mi.

Lọ́yà gbowó lọ́wọ́ mi kó tó sọ pé kò sẹ́ni tó ni èrò lásán, ohun tí mo kọ sílẹ̀ ló jẹ́ tèmi, ẹ̀dà ẹ̀ dà? Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Torí náà, fi tìẹ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara ẹ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹni tó bá ní kó o gbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà fóun, òfin Nàìjíríà ní ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, má gba “a jọ mọra wa.” Àwọn tó ń ta kíláàsì ọjọ́ méjì ńkọ́? Bi wọ́n pé fíìmù wo ni wọ́n kọ.

Ẹ̀n-ẹ́n, iṣẹ́ lo bèèrè. Má fi sílẹ̀. Ìgbà tí mo gbowó ìtàn kẹta ni mo tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi.