Ògiri bu lẹ́yìn tí páìpù bẹ́: ta ló máa sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Páìpù inú ògiri bẹ́ nílé wa nÍléṣà, kómi tó gbẹ ògiri ti bu dúdú dúdú. Ṣé inṣọ́ránsì ilé máa sanwó ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Tí páìpù yẹn bá bẹ́ lójijì tí ìwé inṣọ́ránsì yín sì gba omi páìpù mọ́ra, ẹ lè rí owó gbà, àmọ́ ẹ ka ìwé yẹn dáadáa o, torí ọ̀pọ̀ ló yọ èbu kúrò, àwọn míì fi gbèdéke sówó ẹ̀, ìyẹn sì máa ń dùn mí fáwọn onílé. Tó bá ti ń jò díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì kì í sábà san. Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó fọ nǹkan kan, ẹ tètè fi tó wọn létí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kíbẹ̀ gbẹ kíákíá, láàárín wákàtí 24 sí 48 èbu ti lè bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ kọ̀wé sí NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ní Nàìjíríà.