Bátìrì Wo Ló Yẹ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ẹ́ńjìnnì oníná tí mo fi ń pẹja ní adágún Erinlẹ̀ jẹ́ ti fóòtì 12 (12V), ó sì ń fa áńpìà 30 bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Ṣé bátìrì mọ́tò lè gbé e? Apẹja, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Rárá o. Títan ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni wọ́n ṣe bátìrì mọ́tò fún, bí ẹ bá sì ń lò ó gbẹ léraléra, yóò tètè kú. Ẹ ra irú èyí tí àwọn onísólà ń lò. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi ti 100Ah (áńpìà-wákàtí, ìwọ̀n iná tó lè gbà), ẹ má ṣe lò ó kọjá ìdajì, èyí tí kò lè ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 lọ bí ẹ bá tẹ ẹ́ńjìnnì dópin. Bátìrì lítíọ́mù yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó sì fúyẹ́, bó tilẹ̀ wọ́n. Ṣájà áńpìà 10 tó fún olómi yìí, bí iná ọba bá gbà fún wa, ṣùgbọ́n ṣájà tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ rà fún lítíọ́mù.