“Kò ní ṣẹ̀wọ̀n” kò ní kí wọ́n má dá a padà sílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Wọ́n mú àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Houston pé ó jí aṣọ. Green card ló ń lò. Agbẹjọ́rò ìjọba ní tó bá gbà pé òun jẹ̀bi, kò ní ṣẹ̀wọ̀n, wọn yóò kàn máa ṣọ́ ọ fún oṣù mẹ́sàn-án, ẹjọ́ náà yóò sì tú ká. Gbogbo ará ilé ní kó fọwọ́ sí i. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu. Ẹ ní kó má tíì fọwọ́ sí ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́, nítorí àwọn tó ń sọ pé “ṣáà ti gbà, kò sẹ́wọ̀n ńbẹ̀” kọ́ ni wọn yóò lé kúrò nílùú.

Ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ni wọ́n ń pè ní deferred adjudication. Lábẹ́ òfin Texas, adájọ́ kò ní kéde pé ó jẹ̀bi, bó bá sì pa gbogbo àṣẹ mọ́, a ó tú ẹjọ́ náà ká. Ṣùgbọ́n òfin ìwọ̀lú, ti ìjọba àpapọ̀, ní ìtumọ̀ tirẹ̀ láti ọdún 1996: bí ènìyàn bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fún un ní ìyà tàbí ìkálọ́wọ́kò èyíkéyìí, a ti dá a lẹ́bi nìyẹn. Oṣù mẹ́sàn-án tí wọn yóò fi máa ṣọ́ ọ jẹ́ ìkálọ́wọ́kò. Títú tí Texas bá tú ẹjọ́ náà ká lẹ́yìn náà kò pa á rẹ́ lójú àwọn aṣọ́bodè. Mo ti jókòó ti ìyá kan tó ti gbàgbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tó ń ti Èkó bọ̀ tí wọ́n tẹ ìka rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n sì mú un wọ yàrá ẹ̀yìn.

Olè jíjà sábà máa ń wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ìwọ̀lú kà sí ìwà àbùkù, irú èyí tó lè mú kí wọ́n lé ènìyàn kúrò nílùú. Ìgbà tó wọ Amẹ́ríkà, ìyà tó pọ̀ jù tí ẹ̀ṣẹ̀ náà lè fà, àti bóyá ó ti ní ẹjọ́ rí, ni yóò sọ bí ewu náà ṣe tó. N kò rí fáìlì rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn yìí rọ́pò lọ́yà.

Ní ọdún 2010, nínú ẹjọ́ láàárín Padilla, ẹnìkan tó ń lo green card, àti ìpínlẹ̀ Kentucky, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé dandan ni kí lọ́yà tó ń gbèjà ẹni sọ ewu yìí fún un. Lọ́yà Padilla ti sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ nílùú. Kí àǹtí yín bi lọ́yà tirẹ̀ léèrè ní gbangba, kó ní kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, kó sì gbé ìwé ẹ̀sùn náà lọ bá ẹni tó mọ òfin ìwọ̀lú. Kó má sì rìnrìn àjò títí ìyẹn yóò fi dáhùn.