Kí ló dé tí jẹ́nì kékeré fi ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́. "I pass my neighbour" ni mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Nígbà tí mo ra fìríìjì, mo ra jẹ́nì tó tóbi jù ú lọ. Ẹni tó tà á ní n ò gbọdọ̀ po nǹkan kan mọ́ epo eléyìí. Kí ló fà á? Epo tí mo ti pò ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ṣé kí n dà á sínú tuntun?

ÌDÁHÙN: Pẹtiróòlù kan náà ni wọ́n ń mu, màmá. Inú wọn ni kò jọra.

Nínú tuntun yín, ọ́ìlì ní ilé tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ta sára kránkì, irin tó ń yí, àti pístọ̀nù, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Epo kì í gba ibẹ̀ kọjá; òkè ni fáàfù ti ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Jẹ́nì kékeré kò ní fáàfù rárá. Ihò ló wà lára sílíńdà, ìyẹn ilé tí pístọ̀nù ń rìn nínú rẹ̀; pístọ̀nù fúnra rẹ̀ ló ń ṣí wọn, òun náà ló ń dí wọn. Bó bá gòkè, á fa epo àti afẹ́fẹ́ wọ ilé kránkì. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á tì wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ lọ sókè, níbi tí plọ́ọ̀gì ti ń taná sí wọn. Ibi tó yẹ kí ọ́ìlì máa gbé gan-an lepo ń gbà kọjá. Kò síbi tẹ́ ẹ máa bu ọ́ìlì sí, àfi kó bá epo rìn. Èéfín tẹ́ ẹ ń rí yẹn, ọ́ìlì tó ń jóná ni. Èrè ibẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀kan ló ń taná, ti ńlá di ìgbà tí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó taná lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì bíńtín fi lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Mílílítà 20 ọ́ìlì sí lítà epo kan ló wọ́pọ̀. Ọ́ìlì tú-sítírọ́ọ̀kù, èyí tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì kékeré yìí, ni o, kì í ṣe ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde lára ọkọ̀! Bó bá pọ̀ jù, plọ́ọ̀gì á kún fún èédú, ihò sàlẹ́ńsà á dí. Bí kò bá sí rárá, pístọ̀nù á há mọ́ sílíńdà, ó sì lè má pẹ́ rárá.

Ẹ má da ti inú kẹ́ẹ̀gì sínú tuntun. Kò ní pa á lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n á máa rú èéfín, á sì ba plọ́ọ̀gì jẹ́. Ẹ jẹ́ kí jẹ́nì kékeré lò ó tán. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣèèṣì da epo lásán sínú kékeré, nítorí náà ẹ fàmì sára kẹ́ẹ̀gì méjèèjì.

Ní ti ńlá, ẹ máa yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó tàn án, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, kó wá di gbogbo wákàtí 100. Bí ìwé tó bá a wá bá sọ iye mìíràn, tìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé.