Ìpara tí wọ́n fi pòròpórò igbó ṣe: ṣé mo lè fi kírun?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùn, Ààfáà wa. Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ mi tí kò tètè jinná. Wọ́n fún mi ní ìpara kan, wọ́n ní pòròpórò igbó tí àwọn èèyàn ń fà ni wọ́n fi ṣe é, pé ó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ṣé kò ní ba ìrun mi jẹ́?

Ìdáhùn: Wa alékùmù sàlámù. Kì í ṣe orúkọ ló sọ igbó di hàráámù. Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé gbogbo ohun tó bá ń pani bí ọtí, ọtí ni, gbogbo ọtí sì ni hàráámù. Làákàyè là ń ṣọ́. THC ló ń da làákàyè rú nínú igbó, ara òdòdó abo ló sì pọ̀ sí. Èyí tó wà nínú pòròpórò kò tó nǹkan.

Ṣé ẹ̀gbin wá ni? Ẹnu àwọn onímímọ̀ kò kò níbẹ̀. Ibn Taymiyyah kà á mọ́ ẹ̀gbin bí ọtí. Al-Qarafi, onímímọ̀ tó ń tẹ̀lé ìlànà òfin Imam Màlíkì, ní ohun tó ń ba làákàyè jẹ́ ni, kì í ṣe ọtí, torí náà kò ba ìrun jẹ́. Tirẹ̀ ni mo gbà, pàápàá tó jẹ́ pé ẹ kò jẹ ẹ́, ẹ kò fà á.

Àlùwàlá ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Bí ìpara náà bá dì sára tí omi kò lè dé awọ, ẹ kọ́kọ́ nù ún kúrò. Bó bá kàn ń yọ̀ bí òróró, kò séwu. Bí omi yóò bá pa egbò lára, ẹ fi ọwọ́ tútù pa á lórí; bí ìyẹn náà bá ni yín lára, ẹ fi aṣọ dì í, kẹ́ ẹ pa orí aṣọ.

Ní ti pípa kòkòrò, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé èròjà igbó márùn-ún, tí CBD àti CBG wà lára wọn, kápá irú Staphylococcus aureus (kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń kó sínú egbò) tí oògùn kò ràn mọ́. Ṣùgbọ́n inú àwo ìdánwò nìyẹn, kì í ṣe lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ẹ sì wò ó: pòròpórò tí THC rẹ̀ kéré, CBD rẹ̀ náà kì í pọ̀. Ohun tó mú kí ọkàn wa balẹ̀ sí i náà ló dín agbára rẹ̀ kù!

Nítorí náà, ẹ lè fi para, bí òfin ìlú yín bá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí bó bá pọ̀ jù, ó lè má jẹ́ kí egbò tètè jinná. Kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà.