Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó ń pọ̀ tó sì ń dín

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìmọ́lẹ̀ tó ń yí padà lè sọ nípa bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó?

Ìdáhùn: Àwọn ìràwọ̀ tí à ń pè ní Cepheid ló wúlò jù fún èyí, nítorí pé wọ́n máa ń wú, wọ́n á sì tún sún kì, tí ìmọ́lẹ̀ wọn á fi máa pọ̀, tí á sì máa dín, ní àkókò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ní ọdún 1912, Henrietta Leavitt ti Amẹ́ríkà fi hàn pé bí àyípo wíwú àti sísún kì náà bá ṣe gùn tó ni ìràwọ̀ náà ṣe lágbára ìmọ́lẹ̀ tó. Ẹni tó bá ti ka ọjọ́ àyípo náà ti mọ agbára yẹn, yóò sì fi í wé bí ìràwọ̀ náà ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú wa, kí ó tó ṣírò ọ̀nà tó wà láàárín.