Yunifásítì tí kò ní géètì: báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Wọ́n ti gbà mí wọlé sí yunifásítì kan tó wà láàárín gbùngbùn ìlú ńlá. Ìlú kékeré ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo lọ wo ibẹ̀, mi ò rí ọgbà, mi ò rí géètì. Ilé kan wà níbí, òmíràn wà lẹ́yìn òpópónà mẹ́ta, èrò ọjà àti òṣìṣẹ́ sì ń gba àárín wọn kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gba yàrá ńlá kan ní etí ìlú torí pé kò wọ́n, kí n máa wọkọ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìgbé ayé irú ibẹ̀ ṣe rí? Ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní í lẹ́nì kankan.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú oríire. O ò ṣìnà lọ́jọ́ tí o lọ wo ibẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ yunifásítì àárín ìlú ṣe rí nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́. Èyí tó wà ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọdún 1088, inú àwọn ilé tó fọ́n ká ìlú náà ni wọ́n ti ń kọ́ni títí dòní. New York University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1831, kò ní odi. Àwọn ilé rẹ̀ yí gbàgede Washington Square ká, akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú sì jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Àwọn àgbà ní òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Níbi tí ọgbà wà, odi ọgbà ló ń ṣe iṣẹ́ òjò yẹn. O máa pàdé àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń jẹun, níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, àti lójú ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, láìwá wọn. Láàárín ìlú, kò sí òjò. Bí lẹ́kíṣọ̀ bá ti parí, 300 èèyàn á gba ẹnu ọ̀nà jáde, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ìlú á ti gbé gbogbo wọn mì. Nítorí náà, tí o bá bi mí léèrè ohun tó ń pinnu bí ọdún àkọ́kọ́ ṣe máa rí, ohun tí o ń ṣe ní àwọn wákàtí tó wà láàárín lẹ́kíṣọ̀ kan sí èkejì ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé sí ọ́fíìsì mi ní ọ̀sẹ̀ keje sáà ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò sunkún, kò sì ráhùn. Ó kàn ṣí ìwé rẹ̀ síwájú mi kí n lè rí i pé òun ń wá sí kíláàsì. Òótọ́ ni, ìwé náà kún, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáká. Ṣùgbọ́n ní etí gbogbo ojú ewé ni ó kọ aago sí: 2:40, 3:10, 3:40. Mo bi í pé kí ni wọ̀nyí. Ó ní àkókò tí bọ́ọ̀sì máa ń gbéra ni, pé bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni òun ti ń ṣírò èyí tí òun lè bá. Mo ní kó dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì náà fún mi. Ó wo ilẹ̀. Kò mọ orúkọ ẹnì kankan.

A ò ṣe nǹkan bàbàrà. Ó kàn mú tábìlì kan ní òkè kejì nínú laíbìrì, ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, láti aago 11 sí aago 1, ó sì ń jókòó síbẹ̀ bó bá wù ú, bí kò wù ú. Kò pẹ́ tí àwọn méjì tó máa ń jókòó ní òdìkejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi báàgì wọn gba àyè sílẹ̀ dè é. Ìwé náà ni wọ́n kọ́kọ́ jọ ń sọ, kó tó di ọ̀rẹ́.

Ẹ̀kọ́ gan-an ń jèrè níbẹ̀. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì tó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885. Láàárín wákàtí kan, ó ti gbàgbé ju ìdajì àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ tó há sórí lọ. Ohun tó nítumọ̀ kì í tètè sá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sá. Ẹni tó bá ka lẹ́kíṣọ̀ aago 10 lẹ́ẹ̀kan sí i ní aago 11, ó ti mú un kó tó lọ.

Ní ti yàrá, ẹ̀gbọ́n rẹ ro ti owó, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ ṣírò èyí. Ká ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni àlọ, tí àbọ̀ náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, wákàtí méjì àti ààbọ̀ nìyẹn lóòjọ́. Bí o bá ń lọ ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó di wákàtí 10. Fún ọ̀sẹ̀ 15, ó di wákàtí 150. Nínú ètò tí àwọn yunifásítì Yúróòpù ń lò, kírẹ́díìtì kan dúró fún iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, èyí ni pé kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì márùn-ún ń gba wákàtí 125 sí 150. Ojú ọ̀nà nìkan á ti jẹ odidi kọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ rẹ, kò sì ní í fún ọ ní máàkì kankan. Ẹ ro owó ọkọ̀ oṣù kan pọ̀ mọ́ owó ilé ti etí ìlú kí ẹ tó sọ pé kò wọ́n. Ní tèmi, yàrá kóńkó tí o lè fẹsẹ̀ rìn dé kíláàsì láti ibẹ̀ sàn jù, kódà kí ẹ jẹ́ mẹ́ta tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná kan.

Bí owó kò bá wá gbà á rárá, kó gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ sí ọjọ́ mẹ́ta bí ètò wọn bá fàyè gbà á, má sì jẹ́ kí lẹ́kíṣọ̀ kan ṣoṣo gbé ọ jáde nílé. Ibi yòówù kó jẹ́, má sanwó yàrá tí ìwọ tàbí ẹni tí o fọkàn tán kò fojú rí. Ya fọ́tò ògiri, fèrèsé àti páìpù omi lọ́jọ́ tí o bá wọlé, torí owó ìdógò tí onílé gbọ́dọ̀ dá padà lọ́jọ́ tí o bá ń kó jáde.

Ìlú náà ní oore tirẹ̀, má jẹ́ kí ìbẹ̀rù fi í pamọ́ fún ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè wọ kóòtù lọ jókòó gbọ́ ẹjọ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń kọ́ nípa ilé yíyà lè dúró síwájú ilé tí olùkọ́ fi àwòrán rẹ̀ hàn láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń dín owó kù fún ẹni tó bá mú káàdì akẹ́kọ̀ọ́ dání, nítorí náà jẹ́ kó máa wà lápò rẹ. Iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ náà wà, àmọ́ tó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni o ń lọ, ka ohun tí físà rẹ sọ nípa iye wákàtí kí o tó gbà á. Mọ aago tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń lọ lálẹ́, má sì dá nìkan dúró dè é.

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mú ọjọ́ Àìkú kan, kí o mú táìmùtébù rẹ dání, kí o fẹsẹ̀ rìn láti ilé kan sí èkejì bí o ṣe máa rìn ín lọ́jọ́ Ajé. Wo aago rẹ. Wo ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ibi tí omi wà, ibi tí o ti lè ki fóònù bọ iná. Ibi tí o bá ti rí àga tó tù ọ́ lára, tí àwọn èèyàn sì ń kọjá níwájú rẹ̀, ibẹ̀ ni kí o padà sí lọ́jọ́ Ajé, kí o kí ẹni tó bá jókòó tì ọ́, kí o sì béèrè orúkọ rẹ̀.